Ọ̀lẹ Kọ́ Ló Ń Ṣe Ẹ́, Ooru Ni

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá jókòó. Ọ̀rọ̀ ooru ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ó sì máa gùn díẹ̀. Ẹ gbé omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Tí NEPA ò bá tíì mú iná lọ, ẹ kọjú fáànù síbi tẹ́ ẹ wà.

2/ Tí oṣù Èrèlé bá ti wọlé, títí di ìparí Ẹrẹ́nà, irú ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń rí níbí. "Ó rẹ̀ mí, bẹ́ẹ̀ mi ò ṣe nǹkan kan." "Mo sùn, mo jí, ara mi ṣì wúwo." "Láti àárọ̀ ni mo ti ń wo iṣẹ́ tó wà níwájú mi, ọwọ́ mi ò gbé e." Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi dá wọn lóhùn pé: "Ọ̀lẹ ló ń ṣe yín. Ṣebí abẹ́ oòrùn yìí náà làwọn baba wa ti roko?"

3/ Ìdáhùn yẹn ló lé mi dé inú ìwé ìtàn. Mo fẹ́ mọ bí àwọn baba wa ṣe bá ooru gbé ní tòótọ́, àti ibi tí ọ̀rọ̀ pé ooru ń sọ èèyàn dúdú di ọ̀lẹ ti wá. Ẹ jẹ́ n ti sọ ibi tí mò ń lọ: ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tiwa. Ó ní ẹni tó kọ ọ́, ó ní ọdún tí wọ́n kọ ọ́, ó sì ní iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe.

4/ Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ara ná. Nǹkan bíi 37°C ni inú ara èèyàn máa ń fẹ́ wà. Tí ooru bá mú, ara á làágùn. Kì í ṣe pé òógùn yẹn tutù o. Bó ṣe ń gbẹ kúrò lára wa ló fi ń gbé ooru lọ. Tí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún omi, òógùn ò ní rí ibi gbẹ sí, á kàn máa ṣàn lọ́rùn lásán. Ọkàn á wá máa sáré kó lè ti ẹ̀jẹ̀ wá sí awọ ara. Ìwọ jókòó o, àmọ́ ara rẹ wà lẹ́nu iṣẹ́.

5/ Ìdí nìyẹn tí ooru Èkó fi lè pa èèyàn lára ju ooru Kánò lọ, bí ìwọ̀n ti Kánò tilẹ̀ ga jù. Ti Kánò gbẹ. Ti Èkó dà bí ẹni tí wọ́n ki bọ inú ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n sì dé e mọ́bẹ̀.

6/ Afẹ́fẹ́ méjì ló ń jà lórí ilẹ̀ wa lọ́dọọdún. Ọ̀kan ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, ó gbẹ, ó kún fún eruku: ọyẹ́ nìyẹn, láti bí oṣù Bélú títí wọ Èrèlé. Èkejì ń ti òkun Àtìláńtíìkì bọ̀, ó rù omi. Nígbà tí ọyẹ́ bá ti ń padà sẹ́yìn, tí afẹ́fẹ́ òkun ti wọlé, àmọ́ tí òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tí oòrùn náà sì ti fẹ́ẹ̀ dúró gangan lórí wa, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Èrèlé àti Ẹrẹ́nà nìyẹn. Ẹni tó ní ó rẹ̀ òun nígbà yẹn ò purọ́.

7/ Ẹ wá gbọ́ bí èdè wa ṣe rí i. A máa ń kí ara wa ní "ẹ kú iṣẹ́". A máa ń sọ pé "ẹ kú ọ̀nà" fún ẹni tó rìnrìn àjò. Kí la tún ń sọ? "Ẹ kú ooru." "Ẹ kú oòrùn." "Ẹ kú ọyẹ́." "Ẹ kú òjò." "Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn." Ẹ wò ó dáadáa: ìkíni tí a fi ń kí òṣìṣẹ́ náà la fi ń kí ẹni tó wà nínú ooru. Lójú àwọn tó ṣe èdè yìí, fífara da ooru, nǹkan tó yẹ ká kí èèyàn fún ni.

8/ Tún wo ọ̀rọ̀ tútù àti gbígbóná. Tí ìlú bá dàrú, a ní ìlú gbóná. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, àìsàn ló ń ṣe é. Tí a bá ń ṣàdúrà, a ní kí ilé tutù, kí ọ̀nà tutù, kí inú wa tutù. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó bá ní Yorùbá ò ka ooru sí ò tíì fetí sí Yorùbá.

9/ Àmọ́ o, gbogbo wa kọ́ la fẹ́ràn ìgbà kan náà. Èmi ọmọ òjò ni mí. Oṣù Ògún, tí òjò ti dáwọ́ dúró díẹ̀ tí oòrùn ò sì le, ni mo máa ń rí iṣẹ́ mi ṣe jù: mo lè gé fídíò lórí fóònù láàárín ọ̀sán láìsí pé fóònù náà gbóná bí àyà agbada.

10/ Màmá mi ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn rárá. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà. Tí òjò bá ń rọ̀ léraléra, iṣu tí wọ́n bọ̀ tí wọ́n sá á hu ewú, owó á sì wọlẹ̀. Ní tiwọn, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ni ọlọ́jà tó dáa jù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ alákòókó àti aládìrẹ, ohun tí wọ́n máa sọ fún yín náà nìyẹn: kòkó nílò oòrùn kó tó gbẹ, aṣọ tí wọ́n yọ nínú aró náà nílò rẹ̀. Ẹni tó ń mọ ilé alámọ̀ láyé àtijọ́ náà, ẹ̀ẹ̀rùn ló fi ń mọ ọ́, torí pé ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e.

11/ Mo sì ní ọ̀rẹ́ kan tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde. Nígbà tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò ọyẹ́, tí wọ́n ń wọ súwẹ́tà, ẹ̀rù ló máa ń bà á. Òtútù lè dá ìrora egungun sílẹ̀ fún un. Àìmumi tó, èyí tó rọrùn láti ṣèèṣì ṣe nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, lè dá a sílẹ̀ bákan náà. Tí ó bá ní òun ò fẹ́ ọyẹ́, kì í ṣe pé ó ń ṣe fáàrí. Èyí ni mo fẹ́ ká fi sọ́kàn bí a ṣe ń lọ: ìgbà tí èèyàn fẹ́ràn sábà máa ń bá iṣẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ àti òrùlé tó wà lórí rẹ̀ lọ.

12/ Ìtàn wá dé. Láyé òwò ẹrú, àwọn òyìnbó tó wà létíkun wa fẹ́ràn ọyẹ́ gan-an. Ooru olómi tí wọ́n ń bá jà látòṣù dóṣù á dẹwọ́, afẹ́fẹ́ á gbẹ. Débi pé wọ́n ń pe ọyẹ́ ní "Dókítà".

13/ Ní 1781, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn Royal Society, gbé àkọsílẹ̀ kan jáde lórí ọyẹ́. Matthew Dobson ló kọ ọ́, dókítà ní Liverpool, ọkùnrin kan náà tó fi hàn pé ṣúgà wà nínú ìtọ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Àmọ́ Dobson ò gbé níbí. Ẹni tó rò ó fún un ni Robert Norris, oníṣòwò ẹrú tó mọ Dàhómì dáadáa.

14/ Norris ṣàkíyèsí dáadáa, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó sọ pé awọ ara á bó, ètè á là, ilẹ̀kùn àti àpótí á sán, èèpo ìwé á sì ká kò bí ẹni pé wọ́n sún un mọ́ iná. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó tún ní ọyẹ́ ń wo ibà, ó sì ń dá àjàkálẹ̀ àrùn dúró. Ẹ wá wo ẹ̀rí tó mú wá.

15/ Ó ní ní 1770, ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Unity wà ní Ouidah, ní etíkun orílẹ̀-èdè Benin tòde òní. Ẹrú tó lé ní 300 ló wà nínú rẹ̀. Ìgbóná, ìyẹn ṣànpọ̀nná, bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Wọ́n bá fi àrùn náà gún àwọn kan lára, bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà yẹn kó lè mú wọn fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn tí wọ́n gún kí ọyẹ́ tó dé, ó mú wọn, ara wọn sì yá. Nǹkan bí 70 tí wọ́n gún lẹ́yìn tí ọyẹ́ dé, kò mú wọn nígbà yẹn.

16/ Bí wọ́n ṣe kà á ní London nìyẹn: ọyẹ́ dára fún ara. Èmi ò lè kúrò lórí iye yẹn. Èèyàn tó lé ní 300, nínú ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nínú ooru, pẹ̀lú ṣànpọ̀nná. Nínú gbogbo àlàyé nípa afẹ́fẹ́ tó dára àti èyí tí ò dára, kò sẹ́ni tó bi àwọn wọ̀nyẹn pé báwo ni ojú ọjọ́ ṣe rí lára wọn. Ouidah sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti kó àwọn èèyàn wa lọ.

17/ Bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn wa ti ní àlàyé tiwọn. Kí là ń pe Ṣànpọ̀nná tí a ò bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀? Ilẹ̀gbóná. Wọ́n mọ̀ pé ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ tó sì gbóná ni àrùn náà máa ń jà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìlera ń lé ṣànpọ̀nná kúrò ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ní àwọn ọdún 1960, ohun tí àkọsílẹ̀ wọn fi hàn náà nìyẹn: ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń tàn jù, ó sì máa ń rọlẹ̀ lásìkò òjò. Ọdún 1970 ni Nàìjíríà rí i kẹ́yìn. "Dókítà" ò wo ṣànpọ̀nná sàn. Orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọ́ ló sún mọ́ òtítọ́ jù.

18/ Ní báyìí, ọ̀rọ̀ "ọ̀lẹ". Ní 1748, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Montesquieu, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí òfin àti ìjọba. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òtútù ń mú èèyàn lágbára, ó ń mú un nígboyà, ooru sì ń sọ ara àti ọkàn di aláìlera. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ẹ̀rí tó fi lélẹ̀? Ahọ́n àgùntàn. Ó mú ahọ́n àgùntàn, ó jẹ́ kí ìdajì rẹ̀ dì nínú òtútù, ó wò ó, ó rí i pé àwọn nǹkan róbótó tó wà lójú ahọ́n náà súnkì. Ibẹ̀ ló ti dé orí ìwà gbogbo orílẹ̀-èdè ayé.

19/ Ẹ má rẹ́rìn-ín jù, torí ó kúrò lọ́rọ̀ ẹ̀rín. Montesquieu gbà pé oko ẹrú lòdì sí bí a ṣe dá èèyàn. Àmọ́ ó tún kọ ọ́ pé ní ilẹ̀ olóoru, èèyàn kì í ṣe iṣẹ́ tó le àfi tí ẹ̀rù ìyà bá ń bà á, nítorí náà oko ẹrú níbẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ta ko làákàyè. Ìlẹ̀kùn tó ṣí yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló gba ibẹ̀ wọlé lẹ́yìn rẹ̀.

20/ Ẹ wá gbé e wò. Àwọn tí wọ́n ní ooru ti sọ di ọ̀lẹ náà ni wọ́n dè mọ́ ọkọ̀, tí wọ́n kó lọ gé ìrèké nínú oòrùn Jàmáíkà, Kúbà àti Bàhíà, láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Tí wọ́n bá jẹ́ ọ̀lẹ lóòótọ́, ta ló máa náwó lé wọn? Èyí ni mo ṣe ní ọ̀rọ̀ yẹn ní iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe. Nígbà tá a bá ń sọ ọ́ sí ara wa nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ẹ jẹ́ ká mọ ẹnu tó ti kọ́kọ́ jáde.

21/ Kí làwọn baba wa wá ṣe sí ooru? Àkọ́kọ́, ilé. Agbo ilé àtijọ́ ní àgbàlá láàárín, yàrá yí i ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà níwájú àwọn yàrá náà lábẹ́ òrùlé. Ògiri amọ̀ nípọn, kì í tètè gbóná lọ́sàn-án. Òrùlé jẹ́ ewé gbọ́dọ̀gì ní apá igbó, koríko ní apá ọ̀dàn. Ewéko yẹn kì í gbé ooru oòrùn wọlé bí irin. Yàrá wà fún ẹrù àti oorun òru. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ilé gan-an: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, níbi tí òjìji wà tí afẹ́fẹ́ sì ń kọjá.

22/ Ọ̀rọ̀ òrùlé yìí ò kéré. Ní Ọ̀yọ́, ọdún kan wà tí wọ́n ń ṣe nítorí koríko bẹẹrẹ. Àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin á kó bẹẹrẹ wá láti fi tún òrùlé ààfin ṣe. Ẹ gbọ́: àjọṣe ọba àti ìlú, koríko tó ń dáàbò bo ààfin lọ́wọ́ oòrùn àti òjò ni wọ́n fi ń ṣe àmì rẹ̀.

23/ Èkejì, àkókò. Àgbẹ̀ á jí ní ìdájí, á dé oko kí oòrùn tó yọ tán. Tí oòrùn bá kan àtàrí, á wọ abẹ́ igi tàbí ahéré, á jẹun, á na ẹ̀yìn. Tí ọ̀sán bá pọ́n tán, tí oòrùn sì rọ̀, á tún gbé ọkọ́. Ọjà alẹ́ wà, tí fìtílà á máa tàn lórí àtẹ bí ìràwọ̀. Ẹni tó ní "àwọn baba wa roko nínú oòrùn yìí" gbàgbé láti sọ pé wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n ń sinmi, wọn ò sì pe ìsinmi yẹn ní ọ̀lẹ.

24/ Báwo la ṣe dé ibi tá a wà yìí? Páànù ni ẹ jẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1829 ni Henry Robinson Palmer gba ẹ̀tọ́ lórí páànù onígun-ún-gùn-ún ní London. Ó fẹ́ẹ́rẹ́, ó lágbára, ó rọrùn láti dì sínú ọkọ̀ ojú omi. Kò pẹ́ tó fi tàn dé gbogbo ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lọ.

25/ Ní Èkó, kó tó di pé wọ́n gba ìlú náà ní 1861, ilé onírin ni aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbé. Benjamin Campbell kú lẹ́nu iṣẹ́ yẹn ní 1859. George Brand tó gbapò rẹ̀ kú ní 1860. Henry Foote kú ní 1861. Nígbà tí Richard Burton, arìnrìn-àjò tó máa ń sọ̀rọ̀ ṣàkàṣàkà, dé Èkó, ó fi ilé yẹn wé pósí onírin tí aṣojú kan ń kú sí lọ́dọọdún.

26/ Ooru inú ilé yẹn ò dáa, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń dá ibà sílẹ̀. Àwọn òyìnbó ìgbà náà gbà pé oòrùn àti afẹ́fẹ́ búburú ló ń pa wọ́n. Ní 1897 ni Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà. Kó tó dìgbà yẹn àti lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n ń sá fún oòrùn bí ẹni sá fún ẹkùn: àkẹtẹ̀ ńlá lórí, ilé tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíká, igi káàkiri ọgbà. Ibi tí wọ́n kọ́ fún ara wọn tutù.

27/ Àwa wá ńkọ́? Páànù ló kàn wá. Kí n sọ tòótọ́, ó ní ire tiẹ̀. Òrùlé ewéko ń jóná, nínú ìlú tó há bí Èkó, ilé kan á gbiná, àdúgbò á sì run. Ewéko ń jẹrà, ó fẹ́ àtúnṣe lemọ́lemọ́. Ẹni tó bá kan páànù, ó ti bọ́ nínú ìyẹn, ó sì ti di ọlọ́lá láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Àmọ́ irin máa ń gbóná kíákíá, á sì da ooru náà lé orí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé tí Burton pè ní pósí ni gbogbo wa wá ń gbé, láìsí àgbàlá, láìsí òkè àjà tó dáa, yàrá kan kọjú sí yàrá kejì.

28/ Lẹ́yìn páànù, ọ́fíìsì. Iṣẹ́ ìjọba mú aago wá: agogo mẹ́jọ dé agogo mẹ́rin, ọ̀sán gangan wà láàárín rẹ̀. Ó mú kóòtù àti táì wá pẹ̀lú. Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ìgbà náà ń wọ aṣọ òwú àgùntàn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú oṣù Ẹrẹ́nà, torí pé aṣọ yẹn ló ń sọ pé èèyàn lajú.

29/ Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan wà tí wọ́n ń pè ní David Brown Vincent. Ní 1894, ó pa orúkọ yẹn tì, ó di Mọ́jọlà Agbébí. Aṣọ ilẹ̀ wa ló ń wọ̀, kódà nígbà tó lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ iyì ni lójú tirẹ̀. Lójú tèmi, tí mo ti rí ẹni tó wọ kóòtù nínú bọ́ọ̀sì Ọ̀ṣọ́dì lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ ooru náà wà níbẹ̀.

30/ Ní bíi 1953, ọmọ Nàìjíríà kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Adédòkun Adéyẹmí, ń ráhùn pé ilé olótùútù ni wọ́n ń kọ́ òun láti yà, bẹ́ẹ̀ ilé olóoru lòun máa lọ kọ́. Wọ́n ṣe ìpàdé ńlá lórí ọ̀rọ̀ náà ní University College London lọ́dún yẹn. Ní 1954, ilé ẹ̀kọ́ Architectural Association ní London dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru.

31/ Àwọn tọkọtaya tí orúkọ wọn ròkè jù nínú iṣẹ́ náà ni Maxwell Fry àti Jane Drew. Àwọn ló ya ọ̀pọ̀ ilé Yunifásítì Ìbàdàn. Tí ẹ bá dé ilé ìkàwé Kenneth Dike níbẹ̀, ẹ wo ògiri rẹ̀: ihò lóríṣiríṣi kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá, kí oòrùn má sì wọlé tààrà. Iṣẹ́ tó dáa ni. Mo kàn fẹ́ ká rántí pé ọmọ tiwa wà lára àwọn tó ta wọ́n jí, àti pé òjìji pẹ̀lú atẹ́gùn tó ń kọjá, ohun tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà ti ń fún wọn tipẹ́ ni.

32/ Ẹ̀rọ amúlétutù wá dé, a sì gbàgbé gbogbo rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé kì í ṣe nítorí èèyàn ni Willis Carrier ṣe kọ́kọ́ ya èyí tó lókìkí? Ní 1902, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn níṣòro: afẹ́fẹ́ olómi ń mú kí bébà wọn fẹ̀ kó sì súnkì, àwọ̀ tadà ò sì ń bọ́ sójú ibi tó yẹ. Nítorí bébà ló ṣe ṣe é. Títí di òní, èmi mọ ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ náà wà fún kọ̀ǹpútà, tí àwọn tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ ò sì ní fáànù.

33/ Ẹ̀rọ yẹn kì í pa ooru. Ńṣe ló ń kó o láti inú yàrá lọ síta. Ẹni tó wà nínú á máa gbádùn, ẹni tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà á gba ìpín tirẹ̀ àti ti aládùúgbò pọ̀. Tí ẹ bá fi ariwo àti èéfín jẹnẹrétọ̀ kún un, ẹ máa rí i pé ìtutù ẹnì kan ti di ooru ẹlòmíràn.

34/ Ooru náà sì ń le sí i. Ṣé ẹ rántí Èrèlé 2024? AFCON wà ní Ivory Coast, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń dúró mu omi láàárín eré, a sì pàdánù àṣekágbá ní ọjọ́ 11 pẹ̀lú àmì ayò 2 sí 1. Lásìkò yẹn, àjọ NiMet ń kìlọ̀ nípa ooru fún wa nílé. Àwọn onímọ̀ tó ń jẹ́ World Weather Attribution wádìí ẹ̀: tí wọ́n bá ro ti omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, bó ṣe ń rí lára èèyàn tó nǹkan bíi 50°C. Wọ́n ní àyípadà ojú ọjọ́ tí ọwọ́ èèyàn fà ti jẹ́ kí irú ooru bẹ́ẹ̀ rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ìpín tí Áfíríkà kó nínú èéfín tó fà á kéré gan-an.

35/ Nítorí náà, tí ó bá rẹ̀ ẹ́ nínú oṣù Ẹrẹ́nà, má fi epo búra pé o ti bàjẹ́. Ara rẹ ń ṣiṣẹ́ tí ẹnì kankan ò sanwó rẹ̀. Ilé tí ò bá ojú ọjọ́ mu lo wà, àkókò iṣẹ́ tí ò bá a mu lò ń tẹ̀ lé, ẹ̀sùn tó ti lé ní ọdún 270 lo sì tún ń fi kan ara rẹ.

36/ Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ńkọ́? Tó o bá lè yí àkókò iṣẹ́ rẹ padà, lo ìdájí àti ìrọ̀lẹ́. Tó o bá ń kọ́lé, béèrè òkè àjà, béèrè fèrèsé tó kọjú síra, má gé igi iwájú ilé. Tó o bá gba èèyàn síṣẹ́, jẹ́ kó sinmi ní ọ̀sán gangan. Àwọn ìyá tó ń gbá títì, ọlọ́kadà, ẹni tó ń pò síméńtì, àwọn tó ń kiri omi tútù tí àwọn fúnra wọn ò ráyè mu, àwọn ni ooru yìí ń jẹ jù. Fún wọn lómi. Sún fún wọn lábẹ́ òjìji. Ó kéré tán, kí wọn: ẹ kú ooru o.

37/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká jà díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn, òjò, ọyẹ́: èwo lẹ fẹ́ràn jù? Àmọ́ kí ẹ tó pe ẹlòmíràn ní aláìmọ̀kan nítorí pé tiẹ̀ yàtọ̀, ẹ kọ nǹkan méjì mọ́ ọn: iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, àti irú òrùlé wo ló wà lórí yín. Màmá mi ti ní kí n bá àwọn dìbò fún ẹ̀ẹ̀rùn.